Ìlérí Wo Ni Ìṣirò Yìí Ń Dáhùn?
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe lè ka àwọn àmì ọrọ̀ ajé tó ń takora

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kan tọ̀tún tòsì, ó sì ti pẹ́ tí oníkálukú ti ń sọ ọ́ ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá. Bí àwọn àmì ọrọ̀ ajé bá ń takora, tí ìjọba di ọ̀kan mú, tí àwọn alátakò di òmíràn mú, èwo nínú wọn ló yẹ kí aráàlú fi dá ìlànà ìjọba lẹ́jọ́?

Ìdáhùn tí a ó máa padà sí títí rèé. Ìṣirò kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn. Ìlànà ìjọba kọ̀ọ̀kan, ìlérí kan ló gbé e wọlé. Ìṣirò tó bá sún mọ́ ìlérí náà jù lọ ni kí á fi wọn ìlànà náà. Ẹni tó bá mú ìṣirò tó dáhùn ìbéèrè kan, tó fi ń dá aráàlú lóhùn lórí ìbéèrè mìíràn, kò parọ́ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

1. Oṣù kan, ìròyìn púpọ̀

Ẹ jẹ́ kí á mú oṣù kan péré wò: oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NBS, kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ yìí kan náà ló kéde pé ọrọ̀ ajé fi ìdá 3.84 nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà ní oṣù mẹ́ta tó parí ọdún náà, èyí tó ga jù láàárín ọdún mẹ́ta. Owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà ní ìpamọ́ ní Báńkì Àpapọ̀ ti lé ní bílíọ̀nù 40 dọ́là. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà owó wà ní ìdá 27.50.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí kan náà, ọmọdé 35 kú ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọmọdé tí wọ́n ti ṣèlérí owó àti oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn tún kú ní Òkìjà, ní ìpínlẹ̀ Anambra, àti ní Maitama, l'Abuja, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọdún Kérésì.

Èwo nínú àwọn ìròyìn wọ̀nyí ló parọ́? Kò sí. Ìdá 3.84 sọ bí ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè ṣe pọ̀ sí i. Kò sọ ilé ẹni tó dé. Bílíọ̀nù 40 dọ́là sọ bóyá a lè san owó ọjà tí a ń kó wọlé láti òkèèrè. Kò sọ bóyá ìyá kan l'Ágodi lè ra ìrẹsì. Èrò tó ṣùjọ sí Baṣọ̀run láti àfẹ̀mọ́jú nítorí owó àti oúnjẹ, àmì ni àwọn náà, bí kò tilẹ̀ sí òpó kankan nínú ìwé ìṣirò tí wọ́n ń kọ irú rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fún àmì ní ìtumọ̀. Ohunkóhun tí a lè kà, tí a lè wọ̀n, tàbí tí a lè fojú rí, tó ń sọ ipò tí ìpèsè, owó, iṣẹ́ tàbí oúnjẹ wà, àmì ọrọ̀ ajé ni. Ìṣirò jẹ́ ẹ̀yà kan lára àmì: èyí tí àjọ kan kà ní ìbámu pẹ̀lú òfin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni òfin kíkà yẹn. Bí òfin bá yí, ìṣirò yóò yí, kódà bí ohunkóhun kò bá yí padà lọ́jà.

2. Eré tí owó ọjà ń sá, àti ibi tó sá dé

Ọ̀wọ́ngógó tí NBS ń kéde lóṣooṣù kì í ṣe iye tí ọjà ń jẹ́. Ó ń sọ bí iye yẹn ṣe ń yára lọ sókè láàárín oṣù méjìlá. Ọkọ̀ tó kúrò n'Íbàdàn tó dojú kọ Èkó, bí ó bá dín eré kù láti 120 sí 60, ó ṣì ń lọ sí Èkó ni. Kò tíì ṣẹ́rí padà sí Ìbàdàn. Ká ní ohun kan ń jẹ́ 1,000 náírà, tó fi ìdá 30 lọ sókè lọ́dún kìíní, ó di 1,300. Bí ọ̀wọ́ngógó bá wálẹ̀ sí ìdá 18 lọ́dún kejì, ohun yẹn yóò di 1,534. Ìjọba tó kéde pé ọ̀wọ́ngógó ti wálẹ̀ sọ òótọ́. Obìnrin tó ní ọjà ti tún gbówó lórí sọ òótọ́ pẹ̀lú. Iye tó ń lọ sókè ni obìnrin náà ń rà. Eré rẹ̀ ni ìjọba ń kà.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025. Ìdá 24.48 ni NBS kéde fún oṣù yẹn, lẹ́yìn 34.80 ti oṣù Kejìlá. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọjà ti rọ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjà kò rọ̀ bẹ́ẹ̀. NBS ló yí ọdún ìpìlẹ̀ tó fi ń ṣírò láti 2009 sí 2024, ó sì dín ìpín tí oúnjẹ ní nínú àkójọ ọjà kù láti bíi ìdá 52 sí bíi ìdá 40. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é; bí èèyàn ṣe ń náwó ní 2009 kọ́ ló ń náwó báyìí, nígbà tí dátà orí fóònù ti di ìnáwó ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n 34.80 àti 24.48 kò ti inú òṣùwọ̀n kan náà wá, ẹni tó bá fi ọ̀kan yọ èkejì kò rí èsì kankan tó ní ìtumọ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, lórí òṣùwọ̀n tuntun kan náà, ó wálẹ̀ lóòótọ́: ó dé ìdá 18.02 ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ìyẹn ni a lè fi ṣe ìfiwéra.

Kí wá ni iye tí ọjà dé, yàtọ̀ sí eré rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á lo epo bẹntiróòlù, nítorí pé iye rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Awakọ̀ kòròpe kan ní Agége tó bá ra lítà 20 ní ilé epo NNPC, ilé iṣẹ́ epo ti orílẹ̀-èdè, ní oṣù Karùn-ún 2023, ní náírà 184 fún lítà kan, san 3,680. Ní oṣù Kẹwàá 2024, nígbà tí NNPC ń ta lítà kan ní 998 náírà ní Èkó, lítà 20 yẹn kan náà di 19,960. Kí ó tó gbé èrò kan ṣoṣo, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbàá mẹ́wàá náírà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo owó oṣù tó kéré jù náà. Ní 2019, 30,000 náírà ni, epo sì jẹ́ 145 náírà. Owó oṣù náà ra bíi lítà 207. Ní oṣù Keje 2024, òfin sọ ọ́ di 70,000. Nígbà tí epo di 998 ní oṣù Kẹwàá, owó tuntun náà ra lítà 70. Òṣìṣẹ́ kì í mu epo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n epo ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, epo ló ń gbé tòmátì wá láti òkè ọya, epo ló sì ń yí ẹ̀rọ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ata lẹ́bàá títì. Ìjọba fi owó oṣù kún ju ìlọ́po méjì lọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì sọ pé ẹ̀yìn ni àwọn ń rìn sí. Àwọn méjèèjì ló lẹ́rìí.

3. Ta ni ó ń ṣiṣẹ́?

Ní ìparí 2020, NBS ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lè ṣiṣẹ́ ni kò níṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ní ìdá 4.1 ni. Ẹni tó bá wo òṣùwọ̀n méjèèjì yìí láìbéèrè ìtumọ̀ yóò gbà pé iṣẹ́ ti ya wọ ìlú bí òjò. Òfin kíkà ló yí. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́. Lábẹ́ òfin tuntun, tó bá ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé mu, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ tó mówó wọlé lọ́sẹ̀ ti kúrò nínú aláìníṣẹ́.

Òfin tuntun yìí ní ìwúlò tirẹ̀: orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń lò ó, ó sì jẹ́ kí á lè fi ara wa wé wọn. Àti pé ní ilẹ̀ tí kò sí owó ìrànwọ́ fún aláìníṣẹ́, kò sí ẹni tó lè jókòó láìṣe nǹkan kan. Yóò tajà, yóò gun ọ̀kadà, yóò gé irun. Èyí ló fà á tí ìdá aláìníṣẹ́ kò fi lè sọ ohun tó ń dun ọ̀dọ́ fún wa. Ìṣirò tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé kan náà, ṣùgbọ́n kì í sábà dé ojú ewé kìíní ìwé ìròyìn. Ní ìdá mẹ́rin kejì ọdún 2024, nígbà tí ìdá aláìníṣẹ́ jẹ́ 4.3, ìdá 85.6 àwọn òṣìṣẹ́ ló ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, ìdá 93 ló sì wà nínú iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìwé àdéhùn tàbí ààbò òfin. Bí olóṣèlú bá ṣèlérí iṣẹ́, ohun tí aráàlú ń gbọ́ sétí ni iṣẹ́ tó ní owó oṣù, tó sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Nítorí náà, ìdá 93 yẹn ni ó yẹ kí á fi wọn ìlérí rẹ̀, ìdá 4.3 ń dáhùn ìbéèrè mìíràn.

4. Náírà pọ̀, dọ́là dín

Àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún kan, tí àwọn oníròyìn ń pè ní GDP, ni wọ́n fi ń sọ bí ọrọ̀ ajé ti tóbi tó. Ní oṣù Kẹrin 2014, NBS yí ọdún ìpìlẹ̀ láti 1990 sí 2010. Iye ti ọdún 2013 fò láti tírílíọ̀nù náírà 42.4 sí 80.2, èyí tó jẹ́ bíi bílíọ̀nù 510 dọ́là, Nàìjíríà sì gba ipò kìíní ní Áfíríkà lọ́wọ́ South Africa. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n tún yí i, 2019 di ìpìlẹ̀. Iye ti ọdún 2024 jẹ́ tírílíọ̀nù náírà 372.8. Ní dọ́là, bíi bílíọ̀nù 243 ni.

Bí ìpìlẹ̀ méjèèjì kò tilẹ̀ jọra, ní náírà, a ti fi ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀ tóbi sí i. Ní dọ́là, a kò tó ìdajì ohun tí a jẹ́ ní 2013. Dọ́là kan tó jẹ́ bíi 157 náírà ní 2013 ti wà ní nǹkan bíi 1,500 ní 2024, ìyẹn ló mú ìyàtọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ yìí kan àríyànjiyàn gbèsè tààrà: bí wọ́n bá tún GDP kà tó sì tóbi sí i, ìdá tí gbèsè jẹ́ nínú rẹ̀ máa ń dín kù lórí ìwé, láìjẹ́ pé wọ́n san kọ́bọ̀ kan. Kì í ṣe GDP ni wọ́n fi ń san gbèsè, owó orí àti owó epo ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbèsè wúwo jù, kí ó wo iye tí èlé gbèsè ń jẹ nínú owó tó wọlé fún ìjọba.

5. Lítà tó pòórá

Ìgbà mìíràn wà tí ìṣirò kan ṣoṣo yóò ní ìdí méjì. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, NMDPRA, àjọ tó ń mójú tó ìpínkiri epo, sọ pé epo tí à ń lò lójoojúmọ́ ti wálẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù lítà 67 sí bíi mílíọ̀nù 48 ní oṣù Kẹfà 2023. Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba ní: ẹ ò rí i, àwọn fàyàwọ́ ló ń kó ìyókù sọdá ẹnubodè. Àwọn alátakò ní: ẹ ò rí i, àwọn èèyàn kò lówó wọ ọkọ̀ mọ́.

Ta ni kí á gbà gbọ́? Ìṣirò NMDPRA kò lè dá wa lóhùn, nítorí epo tó jáde láti ibùdó ìpamọ́ ló kà. Kò tẹ̀lé e dé inú táńkì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kí ó rìn dé Sẹ̀mẹ̀, tàbí kí ó wọ Ìdí-Ìrókò lọ sí Pọ́bẹ̀ àti Sákétẹ́. Ní ẹ̀bá títì níbẹ̀, àwọn ìgò àti àgbá onígíláàsì tí wọ́n rọ kpayo sí wà lórí tábìlì, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́kadà ilẹ̀ Benin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Abuja kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti tán, kpayo gbówó lórí ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Àmì tí kò sí nínú ìwé NBS nìyẹn, ó sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ kì í ṣe àròsọ. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọjọ́ta lọ síbi iṣẹ́ ní oṣù yẹn kan náà jẹ́ ẹ̀rí fún apá kejì. Bí ìlànà náà bá ṣèlérí láti dá fàyàwọ́ dúró, iye kpayo ni kí á lọ wò. Bí ó bá ṣèlérí ìrọ̀rùn fún mẹ̀kúnnù, owó ọkọ̀ ni kí á wò. Mílíọ̀nù 48 nìkan kò tó fún ọ̀kankan nínú méjèèjì.

6. Ìlérí ọjọ́ kan, èsì mẹ́ta

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2023, nínú ọ̀rọ̀ ìgbàjọba rẹ̀, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ ohun mẹ́ta tó kan ìjíròrò wa. Owó ìrànwọ́ epo ti tán, owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ yóò sì lọ sí àwọn ohun amáyédẹrùn, ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là yóò di ẹyọ kan. Èlé orí owó ìyáwó gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ti dọ́là ni kí á kọ́kọ́ mú. Ní àárín oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, 471 ni wọ́n ń pe dọ́là ní báńkì, nígbà tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ìgboro ń pè é ní ju 700 lọ. Ẹni tó bá mọ ẹni ní báńkì ló ń jẹ èrè ààrin wọn. Àlàfo yẹn ti sún kì lọ́nà tó hàn gbangba. Ní oṣù Kẹta 2024, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun ti yanjú gbèsè owó ilẹ̀ òkèèrè tó tó bílíọ̀nù 7 dọ́là tó ti wà nílẹ̀. Fitch àti Moody's, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń díwọ̀n bí ìjọba ṣe lè san gbèsè tó, gbé ipò Nàìjíríà sókè ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún 2025. Lórí ohun tí ìlànà náà ṣèlérí gan-an, èsì rẹ̀ dára, ó sì yẹ kí alátakò gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èsì náà kò kọjá ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé òun ń lọ, Procter & Gamble sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá pé òun kò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́. Owó òkèèrè tó wá ra ìwé gbèsè ìjọba nítorí èlé gíga lè jáde kíákíá bó ṣe wọlé. Ilé iṣẹ́ tó kógbá wọlé kì í tètè padà. Àmì méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ìgbẹ́kẹ̀lé olókòwò, bẹ́ẹ̀ olókòwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Lórí èlé, kò sí ìjà níbẹ̀: ìdá 18.50 ni ó wà nígbà ìgbàjọba, ó gun òkè dé 27.50 ní oṣù Kọkànlá 2024, kí wọ́n tó dín in sí 27 ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Báńkì Àpapọ̀ ní àlàyé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé láìgbé èlé sókè, ọ̀wọ́ngógó kò ní dẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìlérí yẹn kò ṣẹ, ó sì yẹ kí ẹni tó ṣe é jáde wá sọ fún ará Àbá tó ń rán bàtà àti ará Ṣakí tó ń ṣọ̀gbìn pé ìlérí ti yí padà, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ti owó ìrànwọ́ epo ló wúwo jù. NEITI, àjọ tó ń ṣọ́ owó epo àti ohun àlùmọ́ọ́nì, sọ pé owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pín ní 2024 jẹ́ tírílíọ̀nù náírà 15.26, ó sì fi ìdá 43 ju ti 2023 lọ. Owó wọlé. Apá kìíní ìlérí ti ṣẹ. Ṣùgbọ́n ìlérí náà kò parí sí kí owó wọlé. Ó ní ibi tí owó yóò lọ. Owó 25,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹwàá 2023 fún ìdílé mílíọ̀nù 15 kò tíì lọ jìnnà nígbà tí wọ́n dá ètò náà dúró ní oṣù Kìíní 2024 nítorí ìwádìí. Ẹni tó bá gbé 15.26 jáde láti fi hàn pé ìlànà epo ti yọrí sí rere dáhùn ìdajì ìbéèrè, ó sì fi ìdajì tó kan mẹ̀kúnnù sílẹ̀.

7. Ìbéèrè tó kù

Ìdajì yẹn nira láti dáhùn, nítorí òṣùwọ̀n tálákà gan-an kò dọ́gba. Ní 2020, NBS kéde tálákà mílíọ̀nù 82.9, ìyẹn ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kò tó 137,430 náírà lọ́dún. Ní 2022, ó kéde mílíọ̀nù 133, nípa kíka àìní omi, ilé ìwé, ìlera àti iná ìdáná. Ní 2024, Báńkì Àgbáyé fojú ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní mílíọ̀nù 129. Òǹkọ̀wé tó bá fi 82.9 wé 133 láti fi bú ìjọba kan, ohun méjì tí kò jọra ló fi wé ara wọn. Òfin kan náà, tí wọ́n bá ń lò ó lọ́dọọdún ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló lè sọ fún wa bóyá ará Òkè-Ògùn ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó lè ka ọ̀wọ́ngógó lóṣooṣù yẹ kó lè ka ebi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Iye tó ń jáde l'Abuja lóṣooṣù wà fún gbogbo èèyàn láti kà. Iye tó dé káńsù, iye ilé ìwòsàn alábọ́dé tí wọ́n fi ra oògùn, iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi kan pákó òrùlé, ìwọ̀nyí ni ìṣirò tó sún mọ́ ìlérí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún jù lọ. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún ọmọ ìlú láṣẹ láti béèrè wọn. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí kọ lẹ́tà sí káńsù tiwọn ní oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n béèrè fún ti 2022, kí wọ́n béèrè fún ti 2024, kí wọ́n sì tẹ méjèèjì síta ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.